Géètì Ọgbà Onígi Tí Òjò Kò Ní Tètè Bàjẹ́: Èwo Nínú Mẹ́rin Ló Bá Yín Mu?

Wọ́n lè la pákó géètì méjì láti ara igi kan náà, kí kápẹ́ńtà kan náà kàn wọ́n, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kan náà kùn wọ́n, síbẹ̀ kí ọ̀kan dúró digbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí èkejì sì ti rà nísàlẹ̀ kí ọ̀dà rẹ̀ tó ṣá. Ibi tí omi ń gbà kúrò lára wọn ló ń fa ìyàtọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí láti orí ẹwà. Irú géètì mẹ́rin tí àwọn èèyàn sábà máa ń kàn sẹ́nu ọ̀nà ọgbà la fẹ́ gbé yẹ̀ wò: èyí tó ní àlàfo láàárín pákó, èyí tí pákó rẹ̀ tò pa pọ̀ tó dí, èyí tó ní férémù àti pánẹ́ẹ̀lì, àti èyí tí pákó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ fi ibi tí géètì yín máa dúró sí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ṣé òrùlé bò ó, ṣé oòrùn ń tàn dé ibẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa?

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹnu pákó la ó kọ́kọ́ wò. Inú igi kún fún àwọn ihò tín-ín-tìn-tín tó ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sókè nígbà tí igi ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá ti fi ayùn gé e, gbogbo ihò yẹn ṣí sílẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ mú àjákù pákó gbígbẹ kan, ẹ kán omi sí ojú rẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wá kán òmíràn sí ẹnu ibi tí ayùn gbà kọjá. Èyí tó wà lójú pákó á jókòó roboto fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu á fẹ̀, ibẹ̀ á dúdú, á sì wọlé tán níṣojú yín. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Torí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi géètì èyíkéyìí ni pé, ẹnu pákó mélòó ló kọjú sókè, mélòó ló sì fara pamọ́ sí ibi tí igi ti pàdé igi?

Èkejì ni bó ṣe ń tètè gbẹ sí. Olú tín-ín-tìn-tín tó ń mú kí igi jẹrà kò lè ṣe nǹkan kan tí omi inú igi náà kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ. Bí omi náà bá kọjá nǹkan bí ìdá 25 sí 30, tó sì pẹ́ níbẹ̀, ìjẹrà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pípẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ yẹn ló ń ṣọṣẹ́. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kò ṣe igi ní nǹkan. Ibi tí igi méjì ti lẹ̀ mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ ò dé, ni omi ti máa ń sùn mọ́jú. Àlàfo tó tín-ín-rín, tí kò tó mílímítà 3, máa ń mú omi dání. Bó bá tó 5, omi á já bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, igi máa ń wú, ó sì máa ń súnkì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí pa dà, ìbú rẹ̀ ló ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ igi, pákó tó fẹ̀ ní mílímítà 100, tí omi inú rẹ̀ kúrò ní ìdá 12 tó di ìdá 20, lè wú tó nǹkan bíi mílímítà 2. Ẹ to mẹ́wàá irú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí àlàfo, ẹ ti ní mílímítà 20 tó ń wá ibi tó máa gbà. Kò sí ìṣó tó lè dá a dúró. Á la pákó, tàbí kó ti géètì títí tó fi máa há mọ́ òpó.

Ẹ̀kẹrin ni ìwúwo. Géètì tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1.2, tí pákó rẹ̀ nípọn ní mílímítà 20, tó sì dí pátápátá, á wọn nǹkan bíi kílò 16 bó bá jẹ́ ìrókò, kí ẹ tó ka àwọn igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá mú un títí, ó lè fi nǹkan bíi kílò 2 kún un. Híńjì ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn, ibẹ̀ sì ni géètì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀.

Owó, iṣẹ́ ọwọ́, àtúnṣe àti bí géètì ṣe ń bo ọgbà lójú àwọn tó ń kọjá, a ó máa mẹ́nu kàn wọ́n bá a bá ṣe ń lọ.

Géètì tó ní àlàfo láàárín pákó

Pákó rẹ̀ nàró, igi ìdábùú méjì wà lẹ́yìn tí wọ́n kàn wọ́n mọ́, igi ìtìlẹ́yìn kan sì gba ẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí géètì bá fẹ̀ ní mítà 1, pákó 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 95, pẹ̀lú àlàfo mílímítà 55, á kún un rẹ́gí. Bí ẹ bá fẹ́ kó dí, pákó 10 lẹ máa rà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí owó igi rẹ̀ kéré tó o. Ayùn ọwọ́, ìfági àti dírílì tó láti kàn án.

Ní ti omi, òun ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi. Afẹ́fẹ́ ń gba iwájú, ó ń gba ẹ̀yìn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan. Bí pákó bá wú, kò kan èkejì rẹ̀. Ìjì kì í rí i fà tó èyí tó dí, ìyẹn sì dín wàhálà híńjì kù. Bí pákó kan bá bàjẹ́, ẹ tú súkúrù mẹ́rin, kí ẹ fi tuntun sí i.

Síbẹ̀, ibi mẹ́ta wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ lára rẹ̀, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kan géètì kejì náà.

Orí pákó ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gé e tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu pákó 7 ló kọjú sí ọ̀run bí ife. Ẹ gé e kó dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 30 ó kéré tán, ì báà jẹ́ apá kan tàbí apá méjì, tàbí kí ẹ gé e ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi òróró tí wọ́n ṣe fún igi tàbí ọ̀dà àkọ́kùn pa ẹnu náà, kó gbẹ, kí ẹ tún pa á, títí tí kò fi ní mu ún mọ́.

Orí igi ìdábùú ni ìkejì. Omi tó ń ṣàn bọ̀ lẹ́yìn pákó á bọ́ sórí rẹ̀, á sì jókòó sí igun ibi tí òun àti pákó ti pàdé. Ẹ fá orí rẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ pákó, ní nǹkan bíi dígírì 15. Bí ìdábùú náà bá nípọn ní mílímítà 35, ẹ̀gbẹ́ tó kan pákó á fi nǹkan bíi mílímítà 9 ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹ lè tún fi wáṣà onírọ́bà sí àárín pákó àti ìdábùú níbi tí súkúrù kọ̀ọ̀kan gbà, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ kékeré ni, ó sì ń mú géètì pẹ́ gan-an.

Ìdí igi ìtìlẹ́yìn ni ìkẹta, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í wo ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ híńjì ni igi yìí gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ìkọ́ wà, torí pé igi lágbára láti ti nǹkan. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, fífà lẹ ní kó máa fà, ìṣó nìkan ló sì máa gba gbogbo ìyà náà. Àmọ́ bó ṣe dúró dáadáa yìí, ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ jókòó lé orí ìdábùú ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo omi ń ṣàn bọ̀. Kápẹ́ńtà á tún gbẹ́ ihò kékeré sórí ìdábùú kí igi náà má bàa yọ̀. Ẹnu igi wà nínú ihò, omi wà nínú ihò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá géètì àtijọ́ kan ṣì le, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún. Bó bá wọlé láìjanpata, tí igi náà sì ń fọ́ ní wóró-wóró, ìjẹrà ti ń jẹun níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ gbẹ́ ìsàlẹ̀ ihò náà kó dagẹ̀rẹ̀ síta, kí ẹ sì kùn ihò àti ẹnu igi dáadáa kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti so wọ́n pọ̀ tán, búrọ́ọ̀ṣì ò lè débẹ̀ mọ́.

Àbùkù géètì alálàfo ò ju pé kì í bo nǹkan kan lójú. Adìẹ á gba àárín rẹ̀, ajá kékeré náà á gbà á.

Géètì tí pákó rẹ̀ dí

Egungun kan náà ni pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, pákó ló kàn pọ̀ sí i. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa orí ìdábùú àti ìdí igi ìtìlẹ́yìn ló kàn án, ó tún wá le díẹ̀ sí i torí pé afẹ́fẹ́ ò gba àárín pákó kọjá bíi ti àkọ́kọ́.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ jù ni pé wọ́n á to pákó gbígbẹ pa pọ̀ pinpin, torí pé ó dáa lójú lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án. Bí pákó yín bá gbẹ, ẹ fi mílímítà 5 sílẹ̀ láàárín wọn: pákó 10 tó fẹ̀ ní mílímítà 95 ló máa gba mítà 1 nìyẹn. Bí igi náà bá ṣì tutù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la pákó dé, ẹ lè tò wọ́n súnmọ́ra, torí ó máa súnkì, àlàfo á sì wá fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojú gba àlàfo náà wọlé lè lo pákó tí etí rẹ̀ ń wọnú ara, ọ̀kan ní ahọ́n, èkejì ní ọ̀nà tí ahọ́n ń wọ̀. Nígbà tí pákó bá nàró, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í gba omi dúró, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ là. Ẹ ṣáà kùn inú ọ̀nà náà àti ahọ́n kí ẹ tó tò wọ́n. Bí ẹ ò bá kùn ún, nígbà tí pákó bá súnkì, ẹ máa rí ìlà funfun gọọrọ láàárín pákó kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni omi ti máa kọ́kọ́ wọlé.

Ẹnu pákó 10 tó wà lókè fẹ́ ìbòrí. Igi kan tí ẹ gé tó dagẹ̀rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, tó sì yọ síta ju pákó lọ ní mílímítà 15 sí 20 níwájú àti lẹ́yìn, ló dáa jù. Má ṣe jẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ lásán. Omi kì í já bọ́ ní etí igi bí ẹ ṣe rò. Ó máa ń rọ̀ mọ́ abẹ́ igi, á sì rìn pa dà wá bá pákó. Ẹ fi ayùn fa ìlà kan sí abẹ́ ìbòrí náà, kó fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 6, kó má jìnnà sí etí. Bí omi bá dé etí ìlà yẹn, kò ní lè gòkè mọ́, ibẹ̀ ló máa ti kán sílẹ̀. Ìlà kékeré yìí wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ igi: kò náni ní nǹkan kan, òjò kan ṣoṣo ló sì máa rọ̀ tí ẹ ó fi rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró ti géètì nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo bí ẹ̀kán omi ṣe ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní etí ìlà náà, tí wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí pákó abẹ́ wọn sì gbẹ.

Ní ìsàlẹ̀, ẹ gé ẹnu pákó kó dagẹ̀rẹ̀ kí omi lè kán ní etí kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi mílímítà 50 sí 75 sílẹ̀ láàárín géètì àti ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tàbí tí koríko ń hù níbẹ̀, ẹ fi kún un, torí òjò tó lulẹ̀ máa ń ta pa dà sókè.

Owó igi rẹ̀ pọ̀ ju ti alálàfo lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ líle máa ń tì í gan-an, nítorí náà híńjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn, kó sì di ìdábùú mú. Bó bá ga ju mítà 1.5 lọ, ẹ fi ìdábùú kẹta sí àárín. Fún ẹni tí kì í ṣe kápẹ́ńtà, tó sì fẹ́ bo ọgbà rẹ̀ lójú ayé, òun ni màá mú fún un.

Géètì oníférémù àti pánẹ́ẹ̀lì

Kò sí èyí tó rẹwà tó o nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Férémù rẹ̀ ní òpó méjì àti igi ìdábùú, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ahọ́n àti ihò, pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pákó tó dí àárín férémù, sì wà láàárín. Kì í tètè wọ́lẹ̀ bí ìsopọ̀ rẹ̀ bá dáa. Òun náà ló gba iṣẹ́ jù, òun ló gba owó jù, òun sì ni omi ń rí ibi fara pamọ́ sí jù.

Ẹ wo ìdábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà gbọọrọ sí orí rẹ̀ kí pánẹ́ẹ̀lì lè wọlé. Gbogbo omi tó ń ṣàn lójú pánẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ tààrà sínú ọ̀nà yẹn, ẹnu pákó sì wà nínú rẹ̀, ó ń mu ún. Ọ̀dà ìta á ṣì máa dán nígbà tí inú rẹ̀ bá ti di ìyẹ̀fun. Àmì tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ọ̀dà tó wà lójú ìdábùú ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wú sókè, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún èyí ṣe. Àkọ́kọ́, kí ẹ lu ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 8 sí 10 láti inú ọ̀nà yẹn jáde sábẹ́ ìdábùú, kí ihò kan má jìnnà sí èkejì ju mílímítà 200 lọ, kí ẹ sì kùn inú ihò náà. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ewé àti erùpẹ̀ lè dí i, ẹ ní láti máa fi wáyà gún un lóòrèkóòrè.

Èkejì ni mo fara mọ́ jù, ọgbọ́n àwọn kápẹ́ńtà àtijọ́ sì ni. Ẹ ṣe ìdábùú àárín àti ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n tín-ín-rín ju òpó férémù lọ ní ìwọ̀n nínípọn pákó kan. Bí òpó bá nípọn ní mílímítà 50, tí pákó sì jẹ́ 20, ìdábùú á jẹ́ 30. Pákó á wá máa gba iwájú àwọn ìdábùú yẹn kọjá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ á sì bá ojú òpó dọ́gba. Kò sí ọ̀nà gbọọrọ kankan nísàlẹ̀. Omi á ṣàn láti òkè, á kọjá níwájú ìdábùú, á kán sílẹ̀ ní ẹnu pákó. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún kápẹ́ńtà, ẹ bi í bóyá pákó máa bo ìdábùú ìsàlẹ̀ tàbí ó máa wọ inú rẹ̀. Bó bá ní ó máa wọ inú rẹ̀, ẹ ní kó fi ihò omi hàn yín.

Má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ férémù. Ó gbọ́dọ̀ lè wú kó sì súnkì. Gọ́ọ̀mù tó wà fún ahọ́n àti ihò ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi ò lè tú. Nínú EN 204, ìlànà Yúróòpù fún gọ́ọ̀mù igi, D4 ni àmì èyí tó lè fara da ìta. Ohun kan wà tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe: kí wọ́n má fi sílíkónì dí etí pánẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀. Wọ́n rò pé omi ò ní wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Omi á rí ibi tín-ín-rín kan gbà wọlé, sílíkónì yẹn ni kò sì ní jẹ́ kó jáde.

Ní ti pláíwúùdù, màá ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Etí rẹ̀ máa ń là bí ìwé lábẹ́ òjò, àyàfi èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, òun náà sì fẹ́ kí ẹ kùn etí rẹ̀ gan-an.

Géètì tí pákó rẹ̀ dùbúlẹ̀

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ báyìí torí ó bá ilé ìgbàlódé mu. Géètì tó ga ní mítà 1.2 á gba pákó 11 tó fẹ̀ ní mílímítà 95, pẹ̀lú àlàfo mílímítà 15. Kí ẹ tó mú un, ẹ ṣe ìṣirò yìí: etí pákó 11 ló kọjú sókè, ẹnu pákó 22 ló sì pàdé òpó férémù. Kò sí géètì tí omi ní ibi ìjókòó tó bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀.

Bí ọkàn yín bá wà lára rẹ̀ síbẹ̀, ẹ fá etí òkè pákó kọ̀ọ̀kan kó dagẹ̀rẹ̀ síta. Má fi ẹnu pákó sínú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára òpó; ẹ kàn án mọ́ igi tó nàró lẹ́yìn, kí mílímítà 5 wà láàárín ẹnu pákó àti òpó, kí afẹ́fẹ́ lè kan ẹnu náà. Ó tún nílò igi ìtìlẹ́yìn bíi ti géètì méjì àkọ́kọ́, torí pákó tó dùbúlẹ̀ kì í gbé géètì ró. Irú èyí tí pákó rẹ̀ tẹ̀ síwájú, tí ọ̀kan bo orí èkejì, máa ń da omi síta dáadáa, ó sì ń bo ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ ju ohun tí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án lè fẹ́ lọ.

Igi, irin, ọ̀dà àti òpó

Ìlànà Yúróòpù EN 350 pín igi sí ìsọ̀rí 5 ní ti bó ṣe lè kojú ìjẹrà, 1 ló dáa jù. Apá wà ní ìsọ̀rí 1, tíìkì tó dàgbà dáadáa náà wà níbẹ̀, ìrókò wà láàárín 1 àti 2. Arère wà ní ìsọ̀rí 5. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ má fi kan géètì tí òjò ń pa. Àárín igi nìkan ni ìsọ̀rí yìí ń sọ o. Igi funfun tó wà lábẹ́ èèpo kì í pẹ́, ì báà jẹ́ ti ìrókò. Ẹ yẹ pákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ dá èyí tó ní funfun létí pa dà.

Bí igi yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, gbogbo ibi tí ẹ bá gé lẹ gbọ́dọ̀ tún fi oògùn pa, torí oògùn náà kì í sábà wọlé dé àárín. Oògùn tó ní bàbà nínú máa ń jẹ irin lásán, nítorí náà súkúrù tí wọ́n fi sínkì bò dáadáa tàbí ti sitéńlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ lò. Àwọn igi òkè òkun tí wọ́n ń pè ní oak àti cedar náà máa ń ba irin lásán jà, àbàwọ́n dúdú á sì ṣàn sójú pákó. Níbi tó bá súnmọ́ òkun, sitéńlẹ́ẹ̀sì 316 ló yẹ. Bó bá jẹ́ igi oògùn àtijọ́ lẹ fẹ́ tún lò, má sun àjákù rẹ̀: wọ́n ń fi májèlé tó ń jẹ́ arsenic sínú oògùn yẹn tẹ́lẹ̀, ní Amẹ́ríkà ìparí ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe é jáwọ́ fífi í sí igi tí wọ́n ń lò nílé.

Ọ̀dà máa ń pẹ́ lára igi, ó sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, àmọ́ bó bá sán, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní tètè gbẹ. Òróró kì í pẹ́ tó ọ̀dà, ẹ ó máa fi kún un bí ọdún kan tàbí méjì bá ti kọjá, àmọ́ kò nílò kí ẹ ha nǹkan kan kúrò. Òróró ni mo fẹ́ fún géètì alálàfo àti èyí tó dí. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà pa etí igi kó rí roboto díẹ̀, torí ọ̀dà kì í dúró lórí etí tó mú. Kí ẹ sì kùn gbogbo ara pákó kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Ní ti òpó tí géètì máa rọ̀ mọ́, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ, kí ojú kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, kó sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára òpó. Kọnkéré tó jin láàárín á máa fi omi wẹ ìdí òpó lẹ́yìn gbogbo òjò. Ẹ gé orí òpó dagẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ fi ìbòrí sí i.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí géètì rẹ̀ wà ní gbangba, tí òjò ń pa láti ìhà gbogbo, tí kò sì ní kó bo nǹkan kan lójú, kó mú èyí tó ní àlàfo. Òun náà ló yẹ ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, tàbí tó jẹ́ pé igi tí kò fi bẹ́ẹ̀ le ló rí rà, torí gbígbẹ tó ń tètè gbẹ máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ìkọ̀kọ̀, tó ní ajá tàbí ọmọ kékeré, kó mú èyí tó dí, pẹ̀lú ìbòrí lókè àti àlàfo mílímítà 5. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ abẹ́ igi ńlá tí oòrùn ò dé, kó fi wáṣà sẹ́yìn gbogbo pákó láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kó sì lo igi ìsọ̀rí 1 tàbí 2.

Férémù yẹ ẹni tí géètì rẹ̀ fẹ̀ tàbí tó ga, tó ní kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́, tó sì fara mọ́ ọn pé kí pákó bo ìdábùú ìsàlẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tó wọ inú ọ̀nà gidi, abẹ́ òrùlé ni mo fi í sí.

Èyí tí pákó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹni tó bá ní òrùlé kékeré lórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè gbádùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò ní, kó múra láti máa fi òróró pa ẹnu pákó méjìlélógún yẹn lọ́dọọdún kí àkókò òjò tó wọlé.